Rísíìtì owó orí Màmá àti ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé wa: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìyá Aláró Ìtòkú · Ọjọ́ Àìkú, 7:12 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì, ni mo ṣe ní kí n gbé e wá síbí.

À ń tún ilé tí màmá tó bí màmá mi gbé kú ṣe ní Ìtòkú, níbí lÁbẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn káfíńtà ń yọ àjà, agolo bisikíìtì kan já bọ́. Inú rẹ̀ la ti bá ìlẹ̀kẹ̀ méjì, ìyẹ́ adìyẹ kan tó ti gbẹ, àti ìwé pélébé mẹ́ta tí wọ́n ká mọ́ra. Rísíìtì owó orí ni. Orúkọ Màmá ló wà lára rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé Màmá wà lára àwọn obìnrin tó lọ jókòó níwájú ààfin Aké ní 1947, nígbà tí Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti kó wọn sòdí lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Tí a bá ti pé jọ lọ́jọ́ ọdún, àwọn àgbà á ní, “Ìyá yín ò san owó orí òyìnbó rí.” Òun la fi ń yangàn láàárín ẹbí. Rísíìtì mẹ́ta wá jáde látòkè àjà!

Àbúrò mi ọkùnrin ní ká sun wọ́n kí ará ìta má baà ní òpùrọ́ ni wá. Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì ń sunkún lórí fóònù pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ìwé ló ń purọ́ ni àbí àwọn àgbà wa? Ẹ má bínú sí mi o, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi ìtàn yìí ṣe gan-an, tí mo fi ń san owó ilé ìwé lé e lórí?

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì Pànsẹ́kẹ · 7:30 alẹ́

Ẹ sun ún, kẹ́ ẹ sinmi. Ìtàn ò san owó iná. Mo kọ́ ọ dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù, Mungo Park nìkan ni mo rántí, mi ò sì tíì tìtorí ẹ̀ ta kápẹ́ẹ̀tì kan rí.

Tíṣà Ìjàyè · 8:05 alẹ́

Ìyá Aláró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìṣáná jìnnà sí àbúrò yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan: ẹni tí kò san owó kankan rí, kí ni yóò bí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi lọ sùn síta ààfin?

Ní 1918 ni owó orí tààrà wọ Abẹ́òkúta, ọdún yẹn náà ni ogun Àdùbí jà, tí àwọn Ẹ̀gbá tú irin rélùwéè nílẹ̀. Owó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò sí nínú ti ọkọ wọn, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń san tiwọn. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ ìwé, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di 16. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn agbowó orí nígbà tó yá ni pé wọ́n ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Láti 1918 sí 1947, ó kù díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ìyá yìí fi ń sanwó. Bí ẹ bá bi mí, ìdí ìbínú wọn ló wà nínú agolo yẹn.

Àmọ́ mo lè máa yára jù. Ẹ lọ wo ọdún tó wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ Màmá, nítorí akọ̀wé owó orí ló kọ ọ́, Màmá kọ́ ló kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún yín pé kò san án rí. Ṣé ẹni tó bá Màmá dé Aké ni, àbí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn?

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ní nǹkan bí 2009 ni wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àwùjọ ti kó o mọ́ra. Ó di 2018 kí ìjọba àpapọ̀ tó ní kó padà. Àwọn ọmọ tó bọ́ sáàárín ìgbà yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá wá tẹ Abẹ́òkúta dó, wọ́n á ní orúkọ àdúgbò ni.

Ọmọ Olówu · 8:21 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìtàn ta lẹ fi ń kọ́ wọn? Tẹ́ ẹ bá dé Aké, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí, Aké ló ṣe é. Ẹ wá dé ọ̀dọ̀ wa lÓwu, a ní ẹjọ́ tiwa láti rò. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé abẹ́ òkúta ní 1830 la dé, òótọ́ ni, àmọ́ àwa kọ́ la wá gba omi mu lọ́wọ́ yín.

Tíṣà Ìjàyè · 8:24 alẹ́

Òwu ti dé, ìjà ti dé. 😀

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Obáńtokò · 9:40 alẹ́

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Oyè kejì ni mò ń kà lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, torí náà ẹ fojú ọmọdé wo ohun tí mo bá sọ.

Ohun tí Ọmọ Olówu fi ṣàwàdà yẹn, òun gan-an niṣẹ́ wa. Ẹ wo ogun Ìdàhòmì ti 3 oṣù Kẹta 1851, tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Tẹ́ ẹ bá ka ohun tí àwọn míṣọ́nárì kọ, ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n rí nínú ìṣẹ́gun yẹn. Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ òwò ẹrú àti ti Èkó ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ẹ wá bi àgbà Ẹ̀gbá, wọ́n á ní ìgbà tí àwọn jagunjagun rí i pé obìnrin ni wọ́n ń bá fà á ni ìtìjú mú wọn, tí wọ́n fi jà bí ẹni máa kú. Ọ̀nà mẹ́ta, ogun kan ṣoṣo.

Òpìtàn kì í mú ọ̀kan kó ju ìyókù nù. Ó máa kọ́kọ́ wá ibi tí ẹnu gbogbo wọn ti kò: pé Gezo, ọba Ìdàhòmì, wá, pé odi ìlú ò wó, pé ogun náà padà sẹ́yìn. Ibi tí ẹnu wọn ò ti kò ló wá dùn, torí ibẹ̀ ló ti máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé: ìwọ tó o sọ báyìí, ta lò ń sọ ọ́ fún? Míṣọ́nárì ń kọ̀wé sí àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àgbà Ẹ̀gbá ń bá ọmọ tó fẹ́ kó láyà sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ńlá. Ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọnù, ó sì kú ní 1901 láìfojú rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, tó fi jáde ní 1921. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, Ọ̀yọ́ ló ti ṣe àlùfáà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku, ọmọ ìlú wa níbí, gbé ìwé tiẹ̀ lórí Ẹ̀gbá láti 1842 sí 1872 jáde ní 1957. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn. Àwọn méjèèjì là ń kà, a kì í fi ọ̀kan ṣe Bíbélì.

Màmá, ẹ dákun, ẹ má sun nǹkan kan.

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì Pànsẹ́kẹ · 9:58 alẹ́

Ó dáa o. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ló ń wí tẹnu ẹ̀, a jẹ́ pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin òpìtàn yìí náà lẹ ń sọ káàkiri pé Ẹfúnróyè Tinúubú ta ẹrú. Obìnrin tó kó ìbọn fún ìlú! Ṣé ìyẹn niṣẹ́ tẹ́ ẹ ní, kẹ́ ẹ máa ba àwọn bàbá àti ìyá ńlá wa lórúkọ jẹ́?

Ọmọ Ìta Ìyálóde · 10:03 alẹ́

Gbà bẹ́ẹ̀! Ère rẹ̀ ni mò ń wò láràárọ̀ tí mo bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni bá ní nǹkan sọ kó wá sọ ọ́ níwájú ère.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Obáńtokò · 10:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tò ó. Wọ́n lé Tinúubú kúrò lÉkòó ní 1856, ó bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta. Ó ta epo, ó ta ìbọn àti ètù, ó ta ẹrú pẹ̀lú. Nígbà tí Ìdàhòmì tún gbé ogun dé ní 1864, ó dúró ti ìlú, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá lọ́dún yẹn. Ibí ló kú sí ní 1887. Gbogbo ẹ̀, obìnrin kan náà ni. Èwo lẹ fẹ́ kí n pa rẹ́ nínú ẹ̀?

Tí n bá yọ ọ̀rọ̀ ẹrú kúrò, ẹ ò ní mọ ibi tí owó tó fi ra ìbọn ti wá. Tí n bá sì yọ ìbọn kúrò, ó di òṣìkà lásán, ẹ ò ní mọ ìdí tí ìlú fi joyè fún un. Akígbe ni yóò yan èyí tó máa mú orí wú. Mi ò bú akígbe o, oríkì wà lára ẹ̀rí tí à ń lò, ọ̀pọ̀ orúkọ ìlú tó ti parun, inú oríkì ló kù sí. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbọ́ oríkì kó tún máa gbọ́ ohun tí oríkì ń fò dá.

Ní ti pé kò sí òótọ́: ẹlẹ́rìí tó yàtọ̀ síra ò ní kí ìṣẹ̀lẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Ẹ bi àwọn lọ́yà.

Lọ́yà Kútọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo rí i pé wọ́n ti pè wá.

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtàn ò wúlò, ẹ wá wo kóòtù nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délẹ̀. Ẹbí méjì á dìde, àwọn méjèèjì á ní bàbá ńlá àwọn bá Ṣódẹkẹ́ wá, ó sì tẹ ibẹ̀ dó kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Àgbà ìhín búra, àgbà ọ̀hún búra. Méjèèjì ò jọ ẹni tó ń purọ́, ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn ni wọ́n ń sọ. Kí ni adájọ́ máa ṣe?

Ẹjọ́ kan wá láti Gold Coast, tó ti di Gánà báyìí, Kojo lòdì sí Bonsie, tí ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1957. Títí dòní là ń tọ́ka sí i ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé tí ìtàn ìwáṣẹ̀ ẹbí méjì bá ta kora, kí adájọ́ má wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù tàbí tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù. Kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ló gbé alágbàtọ́jú síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá a jà? Kó wá fi ìyẹn díwọ̀n ìtàn méjèèjì, kó mọ èyí tó bá a mu.

Ẹ rí i pé ọ̀nà àwọn òpìtàn nìyẹn gẹ́lẹ́. Adájọ́ ò ní ìtàn ẹnu ò wúlò; gbogbo ẹjọ́ náà, orí ìtàn ẹnu ló dúró lé. Ó kàn fẹ́ nǹkan tí yóò fi gbá a wò. Mo ti rí ẹbí tí ilẹ̀ wọn lọ nítorí pé ọmọ kan sun ìwé bàbá rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Aláró Ìtòkú · Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi sì ti kà á fún àbúrò mi.

Mo lọ wo àwọn ìwé náà lójú oòrùn. 1944 ló wà lára ọ̀kan, 1946 wà lára èkejì. Ẹ̀kẹta, ikán ti jẹ ibi tí ọdún wà, ìdajì orúkọ nìkan ló kù. Orúkọ bàbá àgbà ni akọ̀wé sì lẹ̀ mọ́ ti Màmá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí a bá ń sọ ti Màmá lọ́jà, orúkọ bàbá tiẹ̀ ló ń jẹ́. Tí kì í bá ṣe pé inú agolo tiẹ̀ la ti rí i, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ pé òun ni.

Mo wá fóònù àǹtí wa tó dàgbà jù, àbúrò màmá mi, ó wà ní Ṣàgámù. Mo ní, “Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Màmá ò san owó orí rí?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Èmi kọ́. Ta ló ní rí? Mọ́ ni mo wí.”

Mo ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ó ní ohun tí Màmá fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé, “Láti ìgbà tí a ti Aké dé, mi ò san án mọ́.” Ó ní àwa ọmọ kéékèèké la gbé e lọ tí a sọ ọ́ di rí, torí rí dùn ún fi yangàn ju mọ́ lọ.

Ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ó ti tó ogójì ọdún tá a ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi, kò lè fọhùn.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Nídìí aró, a kì í fojú wo omi eérú ká ní ó ti múná. À ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò ni. Bí ó bá sì ti tán lọ́jọ́ kan, ìkòkò ọjọ́ kejì, a ó tún tọ́ ọ. Bóyá iṣẹ́ yín àti tiwa ò jìnnà síra.

Ọmọ Ìta Ìyálóde · 9:22 alẹ́

Mọ́ àti rí! Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé wa náà ti pa irú ẹ̀, mo mọ̀ dájú.

Tíṣà Ìjàyè · 9:50 alẹ́

Ìyá, orí mi wú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n da omi díẹ̀ sí i, kí ayọ̀ wa má baà gbé wa gba ibòmíràn.

Àkọ́kọ́, ẹ bi Àǹtí léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ ní 1947. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ohun tó gbọ́ lẹ́yìn náà ló ń sọ, ohun tó rí kọ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́, ó kàn jẹ́ ẹ̀rí ọ̀wọ́ kejì. Ohun kejì, tó ṣòro fún mi láti sọ: rísíìtì fi hàn pé Màmá sanwó ní 1944 àti 1946. Kò fi hàn pé ó dé Aké. Ẹ̀rí Aké, ẹnu àwọn ẹbí nìkan ló ṣì wà. Mo gbà á gbọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló wà níbẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá 1947, àwọn ará ọjà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, kí ló dé tí aláró Ìtòkú ò ní sí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n “kí ló dé tí kò ní sí níbẹ̀” àti “ó wà níbẹ̀”, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Rísíìtì kẹta tí ikán jẹ, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dá ọdún sí i lára.

Ohun tó dájú ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Ó di oṣù Kejìlá 1950 kó tó padà. Nítorí náà “mi ò san án mọ́” bá bí nǹkan ṣe lọ mu. “Rí” ni kò bá nǹkan kan mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Obáńtokò · 10:20 alẹ́

Bàbá Tíṣà ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́ jù mí lọ.

Ó ku títọ́jú. Màmá, ẹ má ṣe gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà bo ìwé o, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, méjèèjì ló ń jẹ ìwé lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú lẹ́yìn. Ẹ fi ìwé funfun tó mọ́ tó sì gbẹ wé e, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àti ikán ò ti ní dé. Ẹ wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn: ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i, inú àjà wo, àwọn nǹkan wo ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má yọ ìyẹ́ adìyẹ yẹn kúrò láàárín wọn. Ẹ̀yin mọ̀ ju mi lọ pé òun ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ó ń sọ fún wa irú aláró tí Màmá jẹ́, èyí tí akọ̀wé owó orí ò bìkítà láti kọ.

Ní 1936, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ìjà aró àti kọ́sítìkì sódà tí àwọn kan fi ń rọ́pò omi eérú, àwọn aláró obìnrin sì lọ sọ tẹnu wọn níwájú wọn. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ọmọ yín lè lọ béèrè ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí lÁbẹ́òkúta, àwọn ìwé ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́ wà níbẹ̀. Kó mú sùúrù lọ. Eruku wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì Pànsẹ́kẹ · 10:41 alẹ́

Mi ò ní ẹ borí o. Mo kàn fẹ́ béèrè: àpótí bàbá mi kan wà lókè, ìwé rélùwéè àti ìwé kòkó ló kún inú ẹ̀. Ṣé wọ́n ń ra irú ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Obáńtokò · 10:43 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Mo ń bọ̀ ní Pànsẹ́kẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì Pànsẹ́kẹ · 10:44 alẹ́

Tó o bá ń bọ̀, wá ra kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Aláró Ìtòkú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti bá Àǹtí sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ní 1947, ó ní òun ló gbé oúnjẹ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Aké kí wọ́n tó lé àwọn ọmọdé padà. Ẹ gbọ́ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun ni.

Ọjọ́ Àìkú la máa lọ sí Ṣàgámù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ikùn òfo sọ̀rọ̀, ká gbé làfún Ẹ̀gbá àti ewédú dání, àti pé àbúrò mi tó ní ká sun ìwé ni kó di fóònù mú títí òun yóò fi sọ tán. Agolo náà wà lábẹ́ ibùsùn mi báyìí.